Ohun Tí Ń Gbẹ̀yìn Ìrèké

Ọdún mọ́kàndínlógún ni bàbá mi fi gé ìrèké
ní oko iléeṣẹ́ ṣúgà, lẹ́yìn ìlú Ṣábẹ̀ẹ́.
Àdá rẹ̀ mọ ìdí ìrèké ju bí ọwọ́ ṣe mọ ẹnu lọ.
Á ti ìrépé kan bọ àpò ṣòkòtò wálé fún wa,
a ó jẹ ẹ́, a ó tu háhá rẹ̀ sí àgbàlá,
èèrà á sì tò wá láti ẹnu ọ̀nà.

Wọ́n ní adùn ní í gbẹ̀yìn ewúro.
Kò sẹ́ni tó sọ fún wa ohun tí ń gbẹ̀yìn ìrèké.

Èèrà ló kọ́kọ́ mọ̀.
Wọ́n ń tò lọ sí ibi tí Bàbá ń tọ̀ sí,
lẹ́yìn igi máńgòrò, bí ẹni pé a da oyin síbẹ̀.
Ìyá rí i. Ó dákẹ́. Ó fi ẹsẹ̀ wọ́ yẹ̀pẹ̀ bò ó.

Nígbà tí ìṣó gún un ní àtẹ́lẹsẹ̀, kò mọ̀.
Ọjọ́ mẹ́ta ló fi rìn pẹ̀lú ìṣó nínú bàtà,
láti ojú irin dé ọjà, láti ọjà dé mọ́ṣáláṣí.
Ẹsẹ̀ tó máa ń mọ̀ pé òjò ń bọ̀
ti di ẹsẹ̀ àlejò.
Mo tú ìbọ̀sẹ̀. Òórùn ló kọ́kọ́ kí mi.

Oṣù méje.
Egbò náà là sílẹ̀ bí ẹnu tí kò rí ọ̀rọ̀ sọ.
Àbúrò Bàbá gbé ẹ̀tù dúdú kan wá láti Kìlìbò;
n kò fi sí i, n kò sì sọ fún un pé n kò fi sí i.
Ní Kútọnu, wọ́n gé ìka ẹsẹ̀ tó kéré jù.
Bàbá béèrè ibi tí wọ́n sin ín sí.
Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn.

Dókítà Abíálà, ọmọ Kétu,
tí ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń ka owó lọ,
ló ní: "Ẹ jẹ́ ká bẹ ara Bàbá fúnra rẹ̀."
Ó fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ní apá rẹ̀,
ó gbé e sínú ẹ̀rọ kan tí kò tóbi ju ìkòkò ọbẹ̀ lọ,
ẹ̀rọ náà ń pòòyì, ó ń kùn bí agbọ́n.
Nígbà tó dúró, ẹ̀jẹ̀ ti pínyà:
pupa sọ̀ sísàlẹ̀,
ohun kan tó mọ́ bí òróró ẹ̀pà lékè.
"Àwọn tí ń pe awọ sẹ́nu iṣẹ́ wà nínú eléyìí.
Ẹ̀jẹ̀ Bàbá kò gbàgbé iṣẹ́, ọ̀nà ló dí mọ́ ọn."
Bàbá rẹ́rìn-ín: "Alágbàṣe ni wọ́n, bíi tèmi.
Ṣé wọn ò ní jẹ wọ́n lówó oṣù?"

Ọ̀sẹ̀ kìíní, kò sí nǹkan.
Ọ̀sẹ̀ kejì, mò ń ka gbèsè lóru:
màlúù kan ti lọ,
ẹ̀rọ ìránṣọ mi wà lọ́dọ̀ ẹni tó yá wa lówó.
Dókítà kò ṣèlérí. Ó ní kì í jẹ́ fún gbogbo ènìyàn,
ó ní bí ṣúgà kò bá wálẹ̀, òfo ni,
ó ní kí ẹsẹ̀ yẹn má ṣe kan ilẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin, mo tú báńdéèjì,
mo rí i létí egbò:
awọ tuntun, tínrín, tó pọ́n díẹ̀,
tí kò fẹ̀ ju èékánná lọ.
Mo pe Ìyá. Ìyá pe aládùúgbò.
A kó orí jọ sí ẹsẹ̀ àgbàlagbà
bí ẹni ń wo ọmọ ọjọ́ mẹ́ta.

Kò tíì san tán. N kò ní purọ́.
Lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, Bàbá á jókòó, á kọjú sí àwọn òkè,
ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àpótí.
Àwọn ọmọdé ń kọjá, wọ́n ń jẹ ìrèké.
Ó gba ọ̀kan, ó gbé e símú, ó dá a padà.

Lánàá, bí mo ṣe ń fọ egbò náà,
ó ṣẹ́jú, ó fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn:
"Ó ń dùn mí."
Mo gbé omi sílẹ̀.
"Bàbá, ẹ tún un wí."